Ohun Tí Ọdún Mẹ́wàá Pẹ̀lú Etí Híhó Fi Yé Mi

Ní oṣù kẹta ọdún 2015, iṣẹ́ pọ̀ ní Ṣómólú débi pé àwa atẹ̀wé kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán mọ́. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìdìbò sípò ààrẹ sí kí àjọ elétò ìdìbò tó sún un sí ọjọ́ 28 oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi kún un yìí sì mú kí àwọn olóṣèlú tún wá tẹ pósítà àti ìwé pélébé mìíràn lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord méjì ni mo ní nínú ṣọ́ọ̀bù mi, nínú yàrá kan ṣoṣo tí kò fẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ńlá tí ó ń fún wọn ní iná sì wà lẹ́yìn fèrèsé gan-an. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wákàtí mẹ́rìnlá sí mẹ́rìndínlógún ni mo ń lò láàárín ariwo yẹn lójúmọ́, mo ń pariwo kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lè gbọ́ mi, àwọn náà ń pariwo dá mi lóhùn. Òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì, a parí iṣẹ́ oníbàárà kan, ọmọ iṣẹ́ mi pa jẹnẹrétọ̀, gbogbo àdúgbò sì pa lọ́lọ́. Ṣùgbọ́n ìró kan kù tí kò pa. Ó tín-ín-rín, ó lọ sókè, ó ń dún wíín láìsinmi bí ìgbà tí a bá tan tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí kò sí àwòrán lójú rẹ̀.

Mo rò pé yóò lọ bí mo bá sùn, nítorí pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí etí mi yóò hó lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá tàbí lẹ́yìn òde àríyá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó sábà máa ń dáwọ́ dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ mọ́, kò lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo yọ wáyà fíríìjì, mo yọ ti tẹlifíṣọ̀n, mo jáde lọ dúró lábẹ́ òpó iná láti gbọ́ bóyá tìráńsífọ́mà àdúgbò ni. Ìyàwó mi bá mi níbi tí mo ti ń fi etí ti ògiri. Ó ní, "Bàbá Tóbi, kí lẹ ń wá kiri láàjìn?" Mo bi í pé, "Ìyá Tóbi, ìwọ kò gbọ́ nǹkan tó ń dún yìí ni?" Ó dákẹ́, ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó ní òun kò gbọ́ ohunkóhun. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà mí.

Mo fẹ́ dúró lórí ẹ̀rù yẹn díẹ̀, nítorí pé òun ni kò jẹ́ kí n wá ìtọ́jú fún oṣù mẹ́fà gbáko. Láwùjọ wa, ẹni tí ó bá ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà: bí wọn kò bá ní orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú, wọn a ní àwọn ẹ̀mí kan ló ń pè é. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ mẹ́ta, mo sì ní àwọn oníbàárà tí wọ́n ń kó owó ńlá sílẹ̀ lọ́wọ́ mi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wò mí tìfura-tìfura. Nítorí náà, mo pa á mọ́ra. Mo ń jí ní aago mẹ́ta òru, mo ń jókòó sí pálọ̀ nínú òkùnkùn, mo sì ń bi ara mi bóyá báyìí ni wèrè ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti sọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ fún mi nígbà náà ni, ọ̀pọ̀ òru wọ̀nyẹn kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Ìró ni ẹni tí etí rẹ̀ ń hó máa ń gbọ́, ìbáà jẹ́ bí agogo, bí súfèé, bí omi tó ń hó lórí iná tàbí bí igbe kòkòrò. Kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ń pàṣẹ fún un tàbí tí ń bú u. Bí ó bá jẹ́ ohùn tí ń sọ̀rọ̀ ni ẹnì kan ń gbọ́, ìtọ́jú mìíràn wà fún ìyẹn, kò sì yẹ kí ojú tì í láti wá a.

Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ tú mi nínú, láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ kí wọn ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n sì rí i pé mo ń fi ìka tẹ etí mi léraléra. Wọ́n ní, "Etí rẹ ń hó ni. Bí etí bá ń hó ènìyàn, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbì kan ni." N kò gba ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mi gbọ́, ṣùgbọ́n mo di gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn mú ṣinṣin. Etí rẹ ń hó. Èdè wa ti ní orúkọ fún un kí wọ́n tó bí mi, ohun tí àwọn àgbà sì ti sọ lórúkọ báyìí kò lè jẹ́ àrùn tí ó ti ọ̀run wá bá èmi nìkan. Nígbà tó yá, mo kà pé Beethoven, olórin ilẹ̀ Jámánì nì, kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ dókítà ní ọdún 1801 pé etí òun ń hó tọ̀sán-tòru, àti pé ó ti tó nǹkan bí ọdún méjì tí òun ti ń sá fún àwùjọ nítorí òun kò lè la ẹnu sọ fún àwọn ènìyàn pé òun kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi náà ti ń yẹra fún ìpàdé ẹgbẹ́ atẹ̀wé nígbà náà.

Wíwá ohun tó fà á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdọ̀tí etí. Mo ra oògùn olómi tí wọ́n ń kán sí etí ní kẹ́míìsì, mo sì ń fi ìyẹ́ adìyẹ ro etí gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti máa ń ṣe lábẹ́ igi ọsàn nílé wa. Nígbà tí ìyẹn kò mú un lọ, mo rántí pé ibà ńlá dá mi dùbúlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún yẹn, tí wọ́n sì fi quinine tọ́jú mi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lo oògùn yẹn rí yóò mọ bí etí ṣe máa ń hó ènìyàn lórí rẹ̀. Mo wá dá quinine lẹ́bi pátápátá. Mo tilẹ̀ fẹ́ lọ bá ẹni tí ó kọ ọ́ fún mi jà.

Dókítà àkọ́kọ́ tí mo rí, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, kò lo ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ pẹ̀lú mi. Kò wo inú etí mi. Ó ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí, kí n lọ máa bá a gbé, ó sì kọ oògùn oorun fún mi. Mo mọ̀ lónìí pé apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó jẹ́ òótọ́, nítorí pé mo ń bá a gbé. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ènìyàn máa bá nǹkan gbé láì sọ ohun tí ó jẹ́ fún un, tí a kò sì wò ó bóyá ewu wà nínú rẹ̀, ìyà ni a fi jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti sọ fún mi láti ìgbà náà pé irú gbólóhùn yẹn kan náà ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì padà sílé lọ sunkún.

Ìyàwó mi ni ó fi agídí mú mi lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ìjọba. A débẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, a rí dókítà ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kàn wá, ó fara balẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. Ṣé etí kan ni tàbí méjèèjì? Ṣé ó ń dún lọ gbọọrọ ni, àbí ó ń lù kì-kì-kì bí ọkàn ṣe ń lù? Ṣé òòyì ń kọ́ mi? Irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe? Abẹ́rẹ́ wo ni mo ti gbà láti ọdún bíi mélòó kan? Nígbà tí mo mẹ́nu kan quinine, ó ní òótọ́ ni pé ó máa ń mú etí hó, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà ìró náà a máa lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti lo oògùn náà tán. Ó ní èyí tí òun máa ń bẹ̀rù jù ni gentamicin, abẹ́rẹ́ tí àwọn kẹ́míìsì kan ń gún fún ènìyàn bí ẹni ń ta búrẹ́dì, nítorí pé ó lè ba etí jẹ́ ní àbàjẹ́ tí kò ní àtúnṣe. Mo kọ orúkọ yẹn sí ẹ̀yìn káàdì ilé ìwòsàn mi, n kò sì gbà kí wọ́n gún un fún ẹnikẹ́ni nílé mi láti ìgbà náà bí kò bá ṣe pé dókítà ló pàṣẹ rẹ̀, tí ó sì mọ ìdí tó fi pàṣẹ rẹ̀.

Ó fi iná wo inú etí mi, ó sì bá ìdọ̀tí tí ìyẹ́ adìyẹ ti tì wọ inú lọ títí tí ó fi há sídìí ìlù etí. Wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ jáde. Nǹkan fúyẹ́, ìró náà dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú mi wọ yàrá kékeré kan tí ògiri rẹ̀ nípọn, obìnrin kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ìgbọ́ran fi nǹkan bo etí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn, bó ti wù kó kéré tó, ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí." Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn tó wálẹ̀, 250 Hertz, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ohùn ṣe lọ sókè tó, ó ń gòkè lọ sí 8,000. Nígbà tí ó fi àwòrán èsì rẹ̀ hàn mí, ìlà náà tẹ́jú lọ bí ọ̀nà tí wọ́n dà ní ọ̀dà títí tó fi kọjá 2,000, lẹ́yìn náà ni ó já bọ́ sínú kòtò ní 4,000, ó sì tún gòkè díẹ̀ ní 8,000. Ó ní bí òun bá ti rí kòtò yẹn, òun kì í pẹ́ béèrè iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Ariwo ni ó máa ń gbẹ́ ẹ.

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé mo rò pé mò ń gbọ́ràn dáadáa. Ibi yìí ni mo ti rí ohun kan tí n kò rí i kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwa tí a ń sọ Yorùbá: èdè wa ni ó bá mi bo àìgbọ́ràn mi mọ́lẹ̀. Àmì ohùn, ìyẹn dò, re àti mí, ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé, níbi tí etí mi ṣì pé. Nítorí náà, orin ọ̀rọ̀ kò bọ́ mọ́ mi létí rárá. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ńsónáǹtì bíi f, s àti ṣ, òkè ni wọ́n wà, ní ẹ̀bá kòtò yẹn gan-an. Ohùn kan náà ni "fá" àti "sá" ní, ohùn kan náà ni "fọ́" àti "ṣọ́" ní. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó wà níwájú wọn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ni n kò sì gbọ́ mọ́. Fún bí ọdún kan ṣáájú àkókò náà ni mo ti ń bá ìyàwó mi jà pé kì í la ẹnu sọ̀rọ̀. Bí ó bá sọ fún mi láti ilé ìdáná pé kí n bá òun ṣọ́ ìkòkò, n óò gbọ́ nǹkan mìíràn, n óò sì kanra mọ́ ọn. Nígbà tí obìnrin náà ṣàlàyé rẹ̀ tán, mo yíjú sí ìyàwó mi tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi nípa ìró náà rèé bí ó ti yé mi. Inú etí lọ́hùn-ún, nínú nǹkan kan tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tíntìntín wà níbẹ̀ tí wọ́n tó nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan, àwọn ni wọ́n ń sọ ìgbì ohùn di ìròyìn tí ọpọlọ lè kà. Ariwo ńlá a máa ṣe wọ́n léṣe, a sì máa pa wọ́n. Adìyẹ lè hu tirẹ̀ padà; ènìyàn kò lè hù ú. Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ohùn òkè bá ti kú, ọpọlọ kò rí ìròyìn gbà mọ́ láti ibẹ̀, ó wá ń na etí rẹ̀ sí i, bí ẹni tí rédíò rẹ̀ kò mú ilé-iṣẹ́ kankan tí ó sì ń yí ohùn rẹ̀ sókè ṣáá. Ariwo rédíò fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbọ́. Tinnitus ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ilé ìwòsàn, àmì ni wọ́n sì kà á sí, wọn kò kà á sí àrùn kan lọ́tọ̀.

Ó yẹ kí àlàyé yìí tó mi. Kò tó mi. Ohun tí mo fẹ́ ni ìdákẹ́rọ́rọ́ tí mo ní tẹ́lẹ̀, mo sì gbà pé bí mo bá wá a dáadáa n óò rí i. Fún ọdún méjì, bí àwọn ará ilé bá ti sùn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń wà. Mo ra oògùn oníhóró ginkgo tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, mo ra zinc, mo ra òróró aáyù tí ọkùnrin kan ń tà nínú mọ́tò láti Yábàá sí Ọ̀jọ́ta, mo mu àgbo kan tí ó mú inú mi bàjẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo fi obì sílẹ̀ fún odindi oṣù márùn-ún, èmi tí mo ti ń jẹ obì láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ síbì kan pé èròjà tó wà nínú rẹ̀ ló ń mú etí hó. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2014, ọdún kan kí etí mi tó bẹ̀rẹ̀ sí hó, wọ́n sì sọ ọ́ kedere níbẹ̀ pé kí àwọn dókítà má gba aláìsàn nímọ̀ràn láti lo ginkgo, zinc, melatonin àti irú wọn fún etí híhó tó ń dààmú ènìyàn. Ó dùn mí pé ojú àwọn tó ń tà á ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ìlànà yẹn.

Owó kọ́ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí mo pàdánù. Bí mo bá ti gbé oògùn tuntun kan mì, iṣẹ́ mi láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni kí n máa yẹ ìró náà wò: ṣé ó ti dín? ṣé ó lọ sókè ju ti àná lọ? Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọ́ sí, mo ń fún un ní máàkì lórí mẹ́wàá, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ohun tí ènìyàn bá ń ṣọ́ báyìí kò lè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ́ ọpọlọ mi pé kò sí nǹkan tó ṣe pàtàkì ju ìró yìí lọ.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ariwo Èkó ni ó ń dà mí láàmú, kí n lọ sinmi nílé. Mo lọ sí Ìgbàjọ, mo fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ìlú orí òkè ni, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò sí mọ́tò, kò sí jẹnẹrétọ̀, àfi afẹ́fẹ́. Òru àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni ìró náà burú jù láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó kún yàrá, ó dà bí ẹni pé orí mi ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí. N kò fojú kan oorun títí àkùkọ fi kọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ ń pè mí, mo sì padà sí Èkó; nígbà tí a dé Ọ̀jọ́ta tí àwọn kọ̀ǹdọ́ ń pariwo, tí fèrè mọ́tò ń dún, mo ṣàkíyèsí pé n kò gbọ́ ìró yẹn mọ́ rárá fún bí wákàtí kan.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí padà tọ obìnrin onímọ̀ ìgbọ́ran náà lọ. Ó sọ fún mi nípa ìdánwò kan tí àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Heller àti Bergman, gbé jáde ní ọdún 1953: wọ́n mú ọgọ́rin ènìyàn tí etí wọn pé ṣánṣán wọ yàrá tí ìró kankan kò lè wọ̀, wọ́n ní kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún, iye tí ó jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún gbọ́ ìró kan tàbí òmíràn. Ìdákẹ́rọ́rọ́ pátápátá kò sí nínú orí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn kì í kíyè sí i ni. Ó tún ṣàlàyé ohun tí onímọ̀ mìíràn nípa etí híhó, Pawel Jastreboff, kọ sílẹ̀ ní ọdún 1990, pé ọ̀tọ̀ ni ìró, ọ̀tọ̀ ni ìdààmú; pé bí ọpọlọ bá ti so ìró náà mọ́ ẹ̀rù, yóò máa gbé e wá síwájú nígbà gbogbo bí ẹni tí ń kéde ọ̀tá, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá kúrò lára rẹ̀, a lè máa gbé e sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń gbàgbé ìró aago ara ògiri. Ó ní yóò gba oṣù púpọ̀, ó sì lè tó ọdún kan àti ààbọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé kò tàn mí.

Èyí ni ó yí ọ̀nà tí mò ń tọ̀ padà. Mo dẹ́kun wíwá ìdákẹ́rọ́rọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ìró tó dára. Lálẹ́, fáànù ni mò ń tàn, mo sì ra èyí tí ó ń gba iná pamọ́, nítorí pé àkókò tó nira jù lọ fún irú wa ní ìlú yìí ni ìṣẹ́jú tí iná bá lọ láàárín òru, tí ohun gbogbo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gba ìró òjò sórí fóònù mi, òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, nítorí pé òun ni mo fi sùn láti kékeré. Obìnrin náà kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe yí i sókè débi tí yóò bo ìró etí mi mọ́lẹ̀ pátápátá. Kí ó kéré sí i díẹ̀, kí méjèèjì jọ wà níbẹ̀, kí ọpọlọ lè mọ́ ọn lára. Mo sun ìwé máàkì mi níná.

Ẹ̀rọ tí ń ran etí lọ́wọ́ gba ọdún méjì mìíràn, nítorí pé iye tí wọ́n ń ta méjì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi ra ẹ̀rọ ìgéwé àlòkù. Mo rò pé àìgbọ́ràn nìkan ni yóò tún ṣe. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi í sí etí, mo gbọ́ ìró bébà tó ń ya, mo gbọ́ ìró bàtà ọmọ mi lórí yanrìn, àwọn ohùn òkè tí ọpọlọ mi ti ń wá kiri láti ọdún yìí wá sì wọlé padà. Ìró wíín náà rẹlẹ̀ láàárín wọn. Bí mo bá yọ ọ́ lálẹ́, ó ń padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ́dọ̀ onímọ̀ ìrònú ọkàn kan fún ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT, èyí tí ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti yí ọ̀nà tó ń gbà ronú padà, tí ìwádìí fi hàn pé ó ń dín ìdààmú etí híhó kù bí kò tilẹ̀ dín ìró náà kù. Ojú ti ń tì mí láti lọ, mo ń rò pé ẹni tí yóò rí mi níbẹ̀ yóò ní orí mi ti yí. Iṣẹ́ gidi ni a ṣe níbẹ̀. Ó ní kí n kọ gbólóhùn tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ní aago mẹ́ta òru sílẹ̀, mo kọ ọ́ pé, "N kò ní gbádùn ayé mi mọ́ láé." Ó bi mí pé nínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé kò sí ohun kankan tí mo gbádùn. Mo rántí ìkómọjáde ọmọ àbúrò mi. Mo rántí pé mo jó níbẹ̀.

Pásítọ̀ mi náà gbàdúrà fún mi, mo sì mọrírì rẹ̀. Ohun tí mo mọrírì jù ni pé kò sọ fún mi rí pé kí n má lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì gbà nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò níwájú ìjókòó àwọn ọmọdé.

Ẹni tí etí rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe oṣù mẹ́fà tí mo ṣe. Bí ìgbọ́ràn etí kan bá lọ lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lọ́jọ́ náà, nítorí pé oògùn wà tí ó lè ràn án lọ́wọ́ bí a bá tètè lò ó, tí àǹfààní rẹ̀ sì ń dín kù bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ni ó ń hó, tàbí tí ìró náà ń bá ìlù ọkàn lọ, tàbí tí òòyì tàbí ẹ̀gbẹ́ ojú tó rọ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, kí dókítà etí wò ó, ó sì lè ní kí wọ́n ya àwòrán orí. Tèmi kò ní ọ̀kankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n n kò mọ ìyẹn ní gbogbo oṣù tí mo fi ń sá pamọ́.

Mo ti gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́yìn fèrèsé, mo kọ́ ilé kékeré fún un ní ẹ̀yìnkùlé. Kí n tó gbé e kúrò, mo fi fóònù wọn ariwo ṣọ́ọ̀bù náà nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ó sì fi nǹkan bí 97 dẹ́síbẹ́lì hàn, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ni ìlànà ààbò etí níbi iṣẹ́ gbà fún 85. Bí ó bá ti fi mẹ́ta lé e, kí àkókò náà dín sí ìdajì. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ni ó yẹ ká máa lò níbi tí mo ti ń lo wákàtí mẹ́rìndínlógún. Mo ra ìbòtí fún gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́, mo sì sọ ọ́ di òfin, ṣùgbọ́n òógùn ń mú wọn, wọ́n ń yọ ọ́ bí mo bá ti kúrò níbẹ̀. Mo ti bá wọn jà lórí rẹ̀ ju lórí iṣẹ́ tó bàjẹ́ lọ.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, nígbà tí kàlẹ́ńdà pọ̀ lọ́wọ́ wa, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wá bá mi ní òwúrọ̀, ó ń fi ìka tẹ etí rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, nǹkan kan ń dún sí mi létí láti àná, kò dákẹ́." Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ méjèèjì. Oníbàárà tó ni kàlẹ́ńdà náà ń pè mí lórí fóònù bí a ṣe ń wọ mọ́tò, mo sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò di ọ̀la. Yàrá kékeré yẹn kan náà ni wọ́n mú ọmọ náà wọ̀, mo sì jókòó síta níbi tí ìyàwó mi jókòó sí lọ́jọ́ tèmi. Ìlà tirẹ̀ tẹ́jú, àfi ibi kan ní 4,000 tí ó tẹ̀ díẹ̀. Ìró náà lọ ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ní kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. A padà lọ, ibi tó tẹ̀ náà kò tíì jìn ju bí ó ti wà lọ. Kì í yọ ìbòtí rẹ̀ mọ́, òun ni ó sì ń pariwo mọ́ àwọn yòókù báyìí pé kí wọ́n fi tiwọn sí etí.